Làálì Ẹ̀gbọ́n Mi Nínú Kọ̀ǹpútà

Owó tí wọ́n ń gbà lónìí láti ya fọ́tò ìyàwó kan ṣoṣo ní Ẹdẹ, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù mi, ó tó láti fi ya gbogbo agbo-ilé, àgbà àti ọmọdé, kí n sì tún gbé èyí tó tóbi jù sínú férémù fún baálé. Gbogbo nǹkan ló ti gbówó lórí. Làálì nìkan ló di ọ̀fẹ́. Láyé ìgbà yẹn, ọṣẹ, ṣúgà àti owó díẹ̀ ni wọ́n fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá lé e fún ìyàwó. Ní báyìí, kò sí ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń lé làálì ní agbo-ilé wa. Yóò gún ewé náà, yóò pò ó títí yóò fi ki, yóò wá fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan fa òdòdó sí ẹ̀yìn ọwọ́ ọmọbìnrin náà, pẹ̀lú ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ po. Títí làálì yóò fi gbẹ, ìyàwó kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan nǹkan kan. Wọn á máa bu oúnjẹ sí i lẹ́nu, wọn á bá a nu òógùn ojú. Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń lé àwọn ọmọdé jáde, tí á wá rẹ ohùn sílẹ̀ pé, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ ẹ, àbí wọ́n ní kí o fẹ́ ẹ ni?" Kò rọrùn láti purọ́ nígbà tí èèyàn kò lè fi ọwọ́ bojú. Ọmọ kan bú sẹ́kún lórí ìbéèrè yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi wẹ ọwọ́, ó lọ bá bàbá ọmọ náà, wọn kò sì so yìgì yẹn mọ́.

Èmi ní tèmi, kẹ́mísìrì ni mo kà ní yunifásítì. Bàbá mi ti ń retí ọ́fíìsì tó ní fáànù, mo bá ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò. Mo rò pé mo gbọ́n ju gbogbo àwọn ayàwòrán ìlú lọ, nítorí mo mọ orúkọ ohun tó wà nínú omi tí a fi ń fọ fọ́tò. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, tí omi náà di ìdànù, irun mi ti ń funfun, mo sì tún di ọmọ iléèwé. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ gbé yàrá kan náà ní yunifásítì ló kó kọ̀ǹpútà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì. Ó ń kọ́ èmi àti obìnrin kan tó ń tẹ káàdì ìpè ayẹyẹ, Ìyá Oníkáàdì ni gbogbo ènìyàn ń pè é.

Ìgbà tí a dé orí bí èèyàn ṣe lè ṣe búrọ́ṣì tirẹ̀, ìyẹn òǹtẹ̀ inú kọ̀ǹpútà tó ń tẹ àwòrán kan náà léraléra, ni inú mi dùn jù. Ọ̀rẹ́ mi ní kò le: ohun tí o bá fi dúdú yà sórí ìwé funfun, dúdú yẹn ni kọ̀ǹpútà yóò máa tẹ̀, kò ní rí funfun rárá. Mo ya fọ́tò òdòdó ara kọ́tìnnì mi, mo sọ ọ́ di búrọ́ṣì. Mi ò fọ ẹ̀yìn rẹ̀ di funfun. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì ìgbéyàwó, gbogbo igun rẹ̀ rí bí ibi tí epo dà sí.

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Kẹ́mísìrì, ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyí?"

Ìyá Oníkáàdì ní, "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Bàbá. A ó sọ pé alásè ló bá wa tẹ̀ ẹ́."

Ni mo bá tọ ẹ̀gbọ́n mi lọ pé kó wá fa òdòdó làálì rẹ̀ fún mi. Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ìwọ alákọ̀wé, gbogbo ìwé tí o kà, ọ̀dọ̀ onígbálẹ̀ ló já sí?" Àmọ́ inú rẹ̀ dùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin kò fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà, ó sì ń bẹ̀rù pé yóò bá òun wọlẹ̀. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ki ẹyọ ìgbálẹ̀ bọ yíǹkì dúdú, ó fa òdòdó rẹ̀ sórí páálí funfun. Ẹ̀kán yíǹkì kan já bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ewé rẹ̀. Mo fẹ́ pa á rẹ́.

"Fi sílẹ̀," ó ní. "Ọwọ́ mi nìyẹn. Ìyẹn ni kó ṣẹ́kù tí mi ò bá sí mọ́."

Mo fi sílẹ̀. Mo fọ ẹ̀yìn rẹ̀ di funfun dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, mo sọ ọ́ di búrọ́ṣì. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, òdòdó yọ. Mo sọ ọ́ di ńlá, mo sọ ọ́ di kékeré, mo yí i sọ́tùn-ún, mo sọ ọ́ di pupa, mo tẹ̀ ẹ́ kún ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò ó.

"Kì í dúró kí ìkan gbẹ kó tó ṣe èkejì?"

Ọ̀rẹ́ mi dá a lóhùn pé, "Màmá, kò sí nǹkan tó ń gbẹ níbẹ̀." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

Ìyá Oníkáàdì dà á sórí fílàṣì, ó pín in fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi dé Sẹ́kọ́nà, tó dé Òṣogbo. Nígbàkígbà tí mo bá rí káàdì tó ní òdòdó náà, mo máa ń wá ẹ̀kán yẹn, mo máa ń rí i, mo sì máa ń gbé e lọ fi han ẹ̀gbọ́n mi bí ọmọ tó gba ipò kìíní.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó tuntun kan láti Alájùé wọlé pẹ̀lú aṣọ yìgì lọ́rùn, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ fónífóní, ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé e. Ẹ̀gbọ́n mi gbé oúnjẹ wá fún mi, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Ọmọ náà ní, "Bàbá, tí ẹ bá yà á tán, ẹ bá mi fi làálì sí ọwọ́ méjèèjì. Ti inú kọ̀ǹpútà yẹn, olódòdó."

Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé, "Wọn ò lé e fún ọ nílé ni?"

"Ó ń pẹ́ jù, Ìyá. Ó sì máa ń ba aṣọ jẹ́."

"Ta ló wá bu oúnjẹ sí ọ lẹ́nu?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀ díẹ̀. "Mo ti jẹun, Ìyá. Ẹ ṣeun."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Ṣe é fún un," ó sọ fún mi. "Kò kúkú ní í gbẹ."

Mo ṣe é. Kí ọdún tó yí po, ọmọ náà padà wá, ó ní kí n yọ ọkùnrin inú fọ́tò náà kúrò, kó ku òun nìkan. Mo yọ ọ́. Mo fẹ́ bi í bóyá ẹnikẹ́ni bi í ní ìbéèrè kankan kí wọ́n tó so yìgì rẹ̀. Mi ò bi í. Òdòdó náà mọ́lẹ̀ kedere lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀kán.

Lẹ́yìn náà, wọn kò wá pe ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Odó làálì di odó ata. Kò bá mi jà, ìbá tilẹ̀ sàn kó bá mi jà. Ó ṣì ń gbé oúnjẹ wá, ṣùgbọ́n kò jókòó mọ́. Á gbé abọ́ sẹ́nu ọ̀nà, á pe orúkọ mi, á yí padà. Nígbà tó kú, ẹnì kan tí kò mọ̀ ọ́n rí ló ṣe pósítà àdúà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀. Mo dúró níwájú pósítà náà lára ògiri mọ́sálásí. Òdòdó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀kán sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ọ̀rẹ́ mi ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ìyá Oníkáàdì wà láàyè lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Mo gbọ́ pé ọmọ Alájùé yẹn wà ní Ìwó, ó ti ní ọkọ mìíràn. Èmi náà wà. Abọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi gbé sẹ́nu ọ̀nà kẹ́yìn ṣì wà lọ́dọ̀ mi, mo ti fọ̀ ọ́, mi ò rí ẹni tí màá dá a padà fún.