Omi Tí Mo Wẹ̀ Nítorí Ọ̀rẹ́ Mi

Òórùn ẹja gbígbẹ ló ṣáájú ọ̀rẹ́ mi wọ yàrá kékeré tí mò ń gbé ní Jàpáàn. Ìyá mi ló fi rán an láti Ìkòròdú. Ìwé ìròyìn ni wọ́n fi wé e nípele-nípele, síbẹ̀ gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló mọ̀ pé àlejò mi ti dé. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Àdúgbò kan náà la ti jọ dàgbà, ọdún kẹta sì nìyẹn tí n kò tíì rí ẹni bá mi sọ Yorùbá lójúkojú.

Lọ́hùn-ún, ẹni tí wọ́n bá bọ̀wọ̀ fún ni wọ́n ń jẹ́ kó kọ́kọ́ wẹ̀. Wọn a bu omi gbígbóná kún ọpọ́n ńlá kan. Ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ á ti fi ọṣẹ fọ ara rẹ̀ mọ́ tónítóní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n ná, nítorí omi kan náà ni gbogbo ará ilé máa jókòó sí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi, ó mi orí bí ẹni tó gbọ́. Àfi bó ṣe gbé ọṣẹ àti kànìnkànìn wọnú ọpọ́n! Nígbà tó jáde, omi náà ti funfun bí omi ọ̀gì. Kí ojú má bàa tì í, n kò dà á nù. Èmi náà wọ inú rẹ̀, mo ń ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Nígbà tó ń padà sílé, mo fi fọ́tò mi rán an sí bàbá ọmọbìnrin Ẹ̀pẹ́ tí mo fẹ́ fẹ́. Gbọ́ ohun tó fi san án fún mi. Bàbá náà bi í léèrè bí mo ṣe ń gbé, ọ̀rẹ́ mi sì ròyìn omi tí mo wẹ̀ yẹn fún un, ó fi mí ṣe ẹlẹ́yà.

Nígbà tí mo wálé fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, bàbá náà wò mí títí níwájú ẹbí méjèèjì.

"Ọmọ mi, ṣé lóòótọ́ ni pé omi tí ẹlòmíì fi wẹ̀ ni ìwọ náà ń wẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà, ṣùgbọ́n…"

"Ó tó. N kò lè fi ọmọ mi ránṣẹ́ sínú ìyà."

Ìyá mi kúnlẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n títí. Wọn ò gbọ́. Agbọ̀n èso tí a gbé lọ náà la gbé padà sí Ìkòròdú.

Mo gba ilé ọ̀rẹ́ mi lọ lọ́jọ́ kejì. Ó rẹ́rìn-ín.

"Àwàdà ni mo fi ṣe jàre. Àbí mo parọ́ mọ́ ẹ ni?"

Kò parọ́. Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní nìyẹn! Ká ní ó parọ́ ni, ǹ bá já a nírọ́. Ó sọ pé mo wẹ omi náà, kò sọ pé ìdọ̀tí òun ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Mo ṣì ń gbàlejò o. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá ba nǹkan jẹ́ nílé mi, mo máa ń sọ ọ́ lójú rẹ̀ kó tó lọ. Kí ojú tì í díẹ̀ níwájú mi sàn ju kí ojú ti ìyá mi lórí ìkúnlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́.