Fíìmù Kan Ṣoṣo fún Ìyá Má-Mira

Nínú ilé-fọ́tò bàbá mi ní Ṣakí, ìyá mi ló ń tún àwọn oníbàárà ṣe. Á tún gèlè ìyàwó tuntun wé, á fi atíkè díẹ̀ pa iwájú orí ẹni tó bá ń làágùn, á na kọ́là ẹni tó wá ya fọ́tò ìwé-ẹ̀rí. Tó bá ṣe tán, á kúrò níwájú wọn, á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, á sì pàṣẹ: “Ẹ má mira o!” Bàbá mi kì í sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Tirẹ̀ ni kó tẹ kámẹ́rà. Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi ń pe ìyá mi ní Ìyá Má-Mira.

Ṣùgbọ́n bàbá mi kò ya ìyá mi. Kì í ṣe pé kò fẹ́. Nígbàkúùgbà tí fíìmù bá ṣẹ́kù díẹ̀ nínú kámẹ́rà, ìyá mi á ní kó tọ́jú rẹ̀ de oníbàárà tó ń bọ̀. “Ṣebí ojoojúmọ́ lẹ̀ ń rí mi,” ló máa ń wí. Bàbá mi papò dà kó tó yí i lérò padà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi ìyá sílẹ̀ fún wa.

Ní ayé fóònù yìí, a ti ya ìyá mi lọ́pọ̀ ìgbà, nílé àti nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí èyí tó jọ ọ́ níbẹ̀. Bó bá ti rí i pé ẹnì kan gbé fóònù sókè, á na ọrùn, á pa ẹnu dé, á tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́ orúnkún. Fídíò tí mo gbìyànjú láti ṣe dà bí fọ́tò tí adìyẹ ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin tó ń fi gbogbo ara rẹ́rìn-ín, tó ń fọwọ́ gbá ẹni tó jókòó tì í bí ọ̀rọ̀ bá dùn, mi ò ní i níbì kankan. Ní àsìkò òjò tó kọjá, àìsàn dá a dùbúlẹ̀, Ọlọ́run sì gbé e dìde. Láti ìgbà náà ni ìbẹ̀rù kan ti wọ̀ mí lára. Bí ó bá lọ lónìí, ohun tí àwọn ọmọ ọmọ mi yóò rí ni obìnrin kan tó jókòó bí òpó.

Láàárín ìgbà náà ni olùṣọ́-àgùntàn kan tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó kọ́ mi ní ilé-ìwé ìjọ kí èmi náà tó di tíṣà, fún mi ní kámẹ́rà sinimá kékeré kan. Irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń ya àwọn ọmọ wọn nínú ilé láyé àtijọ́ ni. Míṣọ́nnárì kan ló fi sílẹ̀ fún un. Kì í lo bátìrì, kì í retí iná. Ẹ óò yí ọwọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń yí aago ògiri, ẹ óò tẹ bọ́tìnnì, á sì máa kùn bí oyin títí agbára rẹ̀ á fi tán.

“Gbà á,” ni bàbá olùṣọ́-àgùntàn wí. “Ó ti gbàyè lọ́wọ́ mi tó. Kó lọ gbàyè lọ́wọ́ ìwọ náà.”

Gíláàsì ojú kámẹ́rà náà ti bu nínú bí búrẹ́dì tó pẹ́. Mo gbé e sílẹ̀, mo ń wò ó. Ìgbà tó yá ni mo rántí àpótí bàbá mi. Kámẹ́rà fọ́tò rẹ̀ ti dákẹ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n gíláàsì rẹ̀, tó ṣeé tú kúrò lára rẹ̀, ṣì mọ́ tónítóní. Ẹnu rẹ̀ àti ti kámẹ́rà sinimá ni kò dọ́gba; ọ̀kan kò lè wọnú èkejì. Mo sọ fún àbúrò mi tó wà lókè òkun, ó sì bá mi ra òrùka irin kan tí wọ́n ṣe fún irú ìṣòro yìí. Apá kan òrùka náà á wọ kámẹ́rà sinimá, gíláàsì fọ́tò á wọ apá kejì. Ó fi fíìmù kan ṣoṣo tì í.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra lò ó o,” ló sọ lórí fóònù. “Ẹyọ kan yẹn ni mo rí. Mi ò mọ̀ bóyá màá tún rí òmíràn.”

Fíìmù náà kò sì gùn. Ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti tán.

Mo kọ́kọ́ dán an wò láìfi fíìmù sí i. Mo ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà, mo fi bébà fẹ́lẹ́ tí mo fi òróró pa dí ibi tí fíìmù ń gbà kọjá, kí n lè rí ohun tí gíláàsì ń rí. Ìyá mi jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi dúró níwájú rẹ̀. Gíláàsì tí bàbá mi fi ń kó odidi ìdílé sínú fọ́tò kan, etí ìyá mi nìkan ló gbà níbí, etí àti yẹtí. Fíìmù fọ́tò fẹ̀, ṣùgbọ́n ti sinimá yìí kò ju èékánná ọmọ-ìka-ọwọ́ lọ. Àárín gbùngbùn ohun tí gíláàsì rí ló ń mú, ìyókù ń dànù. Bí mo bá fẹ́ rí odidi ìyá mi, àfi kí n máa fẹ̀yìn rìn. Mo fẹ̀yìn rìn kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fẹ̀yìn rìn kọjá títì, ó di abẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lódìkejì kí ó tó hàn tán lórí bébà náà láti orí dé ẹsẹ̀. Mo tún dúpẹ́ níbẹ̀. Mo rò ó pé bí kámẹ́rà bá jìnnà tó báyìí, bóyá ìyá mi yóò gbàgbé pé ó wà.

Lọ́jọ́ tí a dá, ọyẹ́ ti dẹwọ́, ojú ọ̀run mọ́. Mo gbàdúrà kí n tó ki fíìmù bọ̀ ọ́: Olúwa, má jẹ́ kí n fi ṣòfò. Mo ti ní kí ìyá mi jókòó nínú aṣọ ilé, kó máa bó ẹ̀gúsí bó ṣe máa ń ṣe. Ó jáde nínú léèsì funfun tó fi ń lọ gba Oúnjẹ Olúwa.

“Màámi, aṣọ ilé ni mo ní.”

“Kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wá máa wo àkísà mi? Lọ dúró síbi tí o fẹ́ dúró sí, Tíṣà.”

“Ẹ ṣáà máa bó ẹ̀gúsí yín.”

“Mo ti gbọ́.”

Mo kọjá títì. Mo yí ọwọ́ kámẹ́rà títí ó fi le, mo tẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìyá mi yọ ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀gúsí, ó fi lé orúnkún, ó na ọrùn.

“Ẹ máa bó o!” ni mo pariwo.

Kò dáhùn. Ẹni tó bá dáhùn ti mira.

Mo dá a dúró, mo tún un yí, mo tún bẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni. Mo jó díẹ̀ lábẹ́ igi kó lè rẹ́rìn-ín, ó ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ọwọ́ tó ń ka fíìmù lára kámẹ́rà ń sún lọ sópin. Ohun tó ti pọ̀ jù lórí fóònù mi ni mo tún ń fi fíìmù kan ṣoṣo yìí yà.

Bí mo ṣe ń rò ó pé kí n dáwọ́ dúró ni ọlọ́kadà kan dúró tì mí, ó gbé obìnrin kan tó ń lọ sọ́jà sẹ́yìn. Ó wo kámẹ́rà lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, ó wo ilé wa, ojú rẹ̀ yí padà.

“Tíṣà, ẹ ǹlẹ́ o. Ṣé ilẹ̀ lẹ̀ ń wọ̀n ni?”

“Rárá o. Ìyá mi ni mò ń yà.”

“Láti ibí? Tíṣà, ẹ sòótọ́ fún wa. Wọ́n fẹ́ mú títì yìí fẹ̀ sí i, àbí? Ilé ta ni wọ́n máa wó?”

Obìnrin ẹ̀yìn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀. “Wọ́n fẹ́ wó ilé Ìyá Má-Mira kẹ̀?” Ohùn rẹ̀ dé òpin àdúgbò.

“Ta ló fẹ́ wó ilé ta?”

Ìyá mi ni. Ó ti dìde. Mi ò tilẹ̀ mọ ìgbà tí ìka mi tẹ kámẹ́rà. Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára léèsì, ó so ìró le, ó ń bọ̀, ó ń nàka sí ọlọ́kadà.

“Ìwọ yìí! Ìwọ tí imú rẹ ń ṣàn lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò ọjọ́ ìbí rẹ, tí èmi ni mo nù ún? Ìwọ lo wá fẹ́ wó ilé mi?”

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́! Tíṣà ló ń wọ̀n ọ́n!”

Ó dé àárín títì kó tó yé e. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n. Ó tẹ̀, ó fọwọ́ lu itan, ó tún ń bọ̀, ó ń wá ẹni tí yóò gbá. Kámẹ́rà kùn, ó kùn, ó dákẹ́. Fíìmù ti tán.

Mi ò mọ ohun tí mo rí gbà. Mi ò yí ojú gíláàsì tẹ̀lé e kí àwòrán lè máa mọ́ bó ṣe ń súnmọ́ mi, ó sì lè jẹ́ pé ó ṣú bàìbàì látòkè délẹ̀. Mo fi fíìmù náà rán ẹnì kan nínú ìjọ tó ń rìnrìn àjò sí àbúrò mi. Ìgbà pípẹ́ kọjá. Mò ń fi í sínú àdúrà òwúrọ̀, ojú sì ń tì mí díẹ̀, nígbà tí àwọn ẹlòmíì ń tọrọ ìwòsàn. Ṣùgbọ́n mo gbà pé Ẹni tó dá ẹ̀rín sí wa lẹ́nu kò ní bínú sí ẹni tó fẹ́ tọ́jú rẹ̀.

Àbúrò mi ní kí wọ́n fọ̀ ọ́, ó sì fi í ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo jókòó ti ìyá mi, a wò ó. Kò ní ohùn. Obìnrin kan jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, etí gèlè rẹ̀ nìkan ni afẹ́fẹ́ ń mì.

“Wò ó bí mo ṣe jókòó dáadáa,” ni ìyá mi wí.

Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà dìde.

“Háà! Mo bà á jẹ́! Tíṣà, ṣé wọn ò lè gé ibẹ̀ yẹn kúrò?”

Ó ń bọ̀ níbẹ̀, ó mọ́ kedere títí dé ẹ̀bá títì, ọwọ́ rẹ̀ lókè, ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín ni ojú rẹ̀ ń ṣú bàìbàì, títí funfun léèsì fi gba gbogbo rẹ̀. Nínú ọkàn mi, mo ń sọ pé Ọlọ́run, o ṣeun.

Ìyá mi dì mí lọ́wọ́ mú. “Dá a padà.”

“Síbi tí ẹ jókòó?”

“Rárá. Ibi tí mo ti ń bọ̀.”

Mo dá a padà. Ó súnmọ́ ọn. “Wo èjìká yẹn. Wo bó ṣe ń ju apá kan. Ìyá mi nìyẹn. Bó ṣe máa ń ti oko bọ̀ nìyẹn tí inú bá ń bí i.”

Ìyá rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ìdílé wa kò ní fọ́tò rẹ̀ kankan.

“Ta ló fẹ́ sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni mò ń rìn?” ó wí. “Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé e o.”

Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní kí n fi ibi tí òun máa tẹ̀ han òun. Nígbà tí obìnrin náà tún dìde ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó tún ń bọ̀, ìyá mi rọra kúnlẹ̀ lórí ẹní.

“Ẹ kú àbọ̀ oko, Màámi,” ló wí.