Mo Di Ẹsẹ̀ Ọmọ Mi Mú Láti Ìlọrà Dé Èkó

Ọmọ mi sáré lánàá. Mi ò ní ó rìn o, sísáré ni mo sọ. Ó lé adìẹ aládùúgbò wa láti ẹnu ọ̀nà wa dé ìdí kànga, ó ṣubú, ó dìde, ó tún lé e. Èmi tí mò ń fọṣọ, ọṣẹ wà lọ́wọ́ mi, mò ń wò ó, mò ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi, mo sì ń pe bàbá rẹ̀ kó wá wò ó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Ayọ̀ náà pọ̀ ju ohun tí mo lè dá gbé lọ, mi ò sì fẹ́ gbàgbé ọ̀nà tí a gbà débẹ̀, nítorí pé ọ̀nà náà ò dáa rárá.

Ẹsẹ̀ méjèèjì ló wọ́ nígbà tí mo bí i. Àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún kọjú sí ti òsì bí ẹni méjì tó ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíì lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí mi ní Ìlọrà níbí ní kí n má sunkún, pé ó ṣeé tọ́. Wọ́n á máa fi pí-ó-pì dè é, ìyẹn nǹkan funfun líle tí wọ́n fi ń de ẹsẹ̀ tó bá kán. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n á máa tú u, wọ́n á fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ náà díẹ̀, wọ́n á sì de òmíì.

Ó ní, "Ẹ ò ṣáà gbọdọ̀ fo ọ̀sẹ̀ kankan. Ẹsẹ̀ ọmọ ìkókó dà bí ẹ̀ka igi tútù. Bí ẹ bá jù ú sílẹ̀, ibi tó ti wá ló máa padà sí."

Ilé ìwòsàn kan ní Èkó ni a gbọ́ pé wọ́n ti ń ṣe é láìgba kọ́bọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí mò ń pè ní Àǹtí, ló bá wa wádìí rẹ̀, torí pé kò jìnnà sílé wọn. Ọjọ́bọ̀ nìkan ni wọ́n ń rí àwọn ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ wíwọ́, bí ọ̀sán bá sì ti pọ́n, wọ́n á tilẹ̀kùn. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà Èkó kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ọ̀kadà ni bàbá ọmọ mi ń gùn láàárín Ìlọrà sí Akinmọ́ọ̀rín, àgbẹ̀ àti àpò pákí ló sábà máa ń gbé. Láti ìgbà tí epo sì ti wọ́n, gbogbo ohun tó bá mú wálé lálẹ́, inú ìkòkò ọbẹ̀ ló ń parí sí.

Ìgbà àkọ́kọ́, ọkọ̀ gáréèjì ni mo wọ̀. Ìgbà kejì, mo dúró sójú títì, mo wọ sóólè, àwọn ọkọ̀ tí kì í wọ gáréèjì, tí wọ́n ń ṣa èrò lójú ọ̀nà. Owó tiwọn dín díẹ̀. Pí-ó-pì ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ láti ìka ẹsẹ̀ dé itan, orúnkún rẹ̀ sì ká, ẹsẹ̀ méjèèjì wá yọ síta bí ìwo màlúù. Ìyá kan tó jókòó tì mí ní, "Ìyá ọmọ, ọmọ yín ti gbá góòlù mẹ́ta wọ inú mi láti Fìdítì." Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Dírẹ́bà bá bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ẹsẹ̀ yẹn gba àyè èèyàn kan o. Ta ló máa sanwó ẹ̀?" Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Kì í ṣe àwàdà.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹta ń bọ̀, kò sí nǹkan kan nílé mọ́. Bàbá ọmọ mi ní òun máa ta ọ̀kadà.

Mo ní, "Tẹ́ ẹ bá tà á, kí la máa jẹ?"

Ó ní, "Tí mi ò bá tà á, kí lọmọ yìí máa fi rìn?"

A pariwo mọ́ ara wa. A kì í pariwo tẹ́lẹ̀. Màmá kan wà lẹ́yìn ògiri wa, wọ́n ń fi lọ́rì kó gààrí lọ tà l'Ékòó, ṣọ́ọ̀ṣì onítẹ̀bọmi kan náà la jọ ń lọ. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ ni wọ́n kan ilẹ̀kùn wa.

"Ìyàwó, mo gbọ́ ohùn yín."

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Ta ló ń bínú? Orúnkún mi ò gba lọ́rì mọ́ ni mo wá sọ. Ẹni tó bá bá ẹrù lọ, wọ́n ń fún un ní àyè níwájú, kì í sanwó. Ṣé o lè jókòó láìsùn, kí o ka àpò nígbà tí wọ́n bá ń dì í, kí o tún kà á nígbà tí wọ́n bá ń já a l'Ékòó?"

Mo ní mo lè ṣe é. Ká ní wọ́n ní kí n ru àpò náà lórí ni, mo máa ní mo lè rù ú.

Lọ́jọ́ ọjà ni Màmá máa ń ra gààrí jọ, lọ́rì á gbéra ní ìdájí ọjọ́ kejì. Lọ́sẹ̀ yẹn, ọjà bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. A lọ ní Ọjọ́rú, mo já ẹrù, mo sùn lọ́dọ̀ Àǹtí, wọ́n de ẹsẹ̀ ọmọ mi ní Ọjọ́bọ̀, mo sì bá lọ́rì kan náà padà. Mo kọrin láti Ìbàdàn títí délé. Dírẹ́bà, bàbá kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ní tí mi ò bá dákẹ́ òun máa já mi sílẹ̀ ní Fìdítì.

Ayọ̀ yẹn ló fọ́ mi lójú. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún la máa ń ná ọjà wa, kò mọ ọ̀sẹ̀ kankan. Láti kékeré ni mo ti mọ̀. Àmọ́ mo ti fi ọkàn sí i pé gbogbo Ọjọ́rú ni màá máa wọ lọ́rì, àfi ìgbà tí mo rí i pé ọjà ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e bọ́ sí Ọjọ́rú gan-an. Lọ́rì ò ní kúrò ní Ìlọrà títí di ìdájí Ọjọ́bọ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ dírẹ́bà bóyá a lè débẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó ní, "Bí Ọlọ́run bá fẹ́."

Ohun kan tún wà. Wọ́n máa ń ní kí àwa ìyá fi omi rẹ pí-ó-pì náà kúrò láti ilé láàárọ̀, kí iṣẹ́ lè yá. Torí náà kí n tó wọ lọ́rì, mo ti tú u. Ẹsẹ̀ ọmọ mi wà ní ìhòòhò, ó rọ̀, ó funfun, ó ti tọ́ díẹ̀, inú mi dùn sí i. Mo gbé e lé itan.

A ti kọjá Ìbàdàn, a ti wà lójú márosẹ̀, òjò bẹ̀rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn kan bẹ́. Dírẹ́bà yọ èyí tó fi pamọ́ jáde, afẹ́fẹ́ ò sí nínú rẹ̀. Ó ń yí i lọ sọ́dọ̀ fọganáísà nínú òjò, ó ń bú ẹni tó ta táyà náà fún un. Èmi jókòó síwájú. Mo wo ẹsẹ̀ ọmọ mi, mo sì rí i pé ó ti ń ká wọlé. Bóyá ojú mi ló ń tàn mí jẹ, mi ò mọ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún gba ọ̀kan mú, mo fi ti òsì gba èkejì, bí mo ṣe máa ń rí i tí nọ́ọ̀sì ń ṣe é, mo dì wọ́n síta. Ọmọ ń sunkún. Mi ò jù ú sílẹ̀.

Dírẹ́bà padà dé, táyà ò tíì ṣetán. Ó ní, "Ìyá ọmọ, ẹ bọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ wá ọkọ̀ míì. Àwa ò lè débẹ̀ mọ́ lọ́sàn-án."

Mo ní, "Ẹrù ńkọ́?"

Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ẹrù ló fún mi ní àyè tí mo jókòó sí. Bí mo bá fi í sílẹ̀, tí àpò kan sọnù, mo ti já Màmá kulẹ̀, mo sì ti pàdánù lọ́rì náà. Bí mo bá jókòó tì í, ẹsẹ̀ ọmọ mi á padà síbi tó ti wá. Mi ò lè tú ọwọ́ mi. Mo ní kí dírẹ́bà bá mi pe Màmá lórí fóònù, kó gbé e sí etí mi. Ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́ ọ. Mo ṣàlàyé, mò ń sunkún, ọmọ ń sunkún.

Màmá ní, "Gààrí ò ní ẹsẹ̀ tó máa wọ́. Bọ́ sílẹ̀."

"Màmá, ẹrù yín..."

"Mo ní kí o bọ́ sílẹ̀. Dírẹ́bà, ṣé o wà níbẹ̀? Àpò kan ò gbọdọ̀ dín o."

Dírẹ́bà ní, "Màmá, ṣé olè lẹ ń pè mí ni?"

"Mi ò tíì pè ọ́."

Òun fúnra rẹ̀ ló dá sóólè kan dúró fún mi, ó sì bá mi tú owó tí bàbá ọmọ mi dì sí etí ìró mi, pé kí n má ná an àfi tó bá di dandan. Nínú ọkọ̀ yẹn, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo di ẹsẹ̀ mú títí a fi dé Èkó, mo dì í mú lórí ọ̀kadà, mo dì í mú wọnú ọgbà ilé ìwòsàn náà.

Nọ́ọ̀sì ti gbé báàgì kọ́ èjìká. Obìnrin kan ń nu ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Ìyá ọmọ, ṣé ẹ mọ aago tó lù?" Ó wo ọmọ, ó wo ọwọ́ mi, ó ní, "Ẹ tú ọwọ́ yín." Mo gbìyànjú, àwọn ìka mi kọ̀ láti ṣí. Òun ló ń ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ ẹsẹ̀ náà wò, ó yí i sọ́tùn-ún sósì, ó pẹ́ gan-an lójú mi. Ó ní, "Kò tíì padà wọ́." Ó bọ́ báàgì sílẹ̀, ó ní kí wọ́n bu omi wá.

Nígbà tí mo dé ọjà tí a ti ń já ẹrù, ó ti ń di ìrọ̀lẹ́. Dírẹ́bà jókòó lórí àpò tó kẹ́yìn, aṣọ rẹ̀ tutù rin. "Ẹ wá kà á," ó ní. "Mi ò fẹ́ kí màmá yẹn pè mí lólè." Ó pé.

Síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà mí padà sílé. Mo kúnlẹ̀ fún Màmá, mo ní kí wọ́n má gba àyè yẹn lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù. Wọ́n ní, "Ọjọ́ òyìnbó ò ní dúró de ọjọ́ ọjà, ọjọ́ ọjà ò sì ní dúró de òyìnbó. Ìwọ lo máa máa yí." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka àwọn ọjà. Ọjà tiwa, ti Fìdítì, ti Akinmọ́ọ̀rín, ti àwọn abà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọn kì í ná wọn lọ́jọ́ kan náà. Ní ọ̀sẹ̀ yòówù, lọ́rì kan á gbéra lọ sí Èkó ní Ọjọ́rú láti ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n sì mọ àwọn tó ń kó gààrí níbi gbogbo.

Bí a ṣe rí ọ̀nà nìyẹn. Bàbá ọmọ mi á fi ọ̀kadà gbé wa lọ sí ìlú tó bá kàn, màá ka ẹrù ẹni ẹlẹ́ni, màá sùn lọ́dọ̀ Àǹtí. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé, ọkọ Àǹtí ló máa ń lọ tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí wa. Ìdí ẹnu ọ̀nà wọn ni mo ti wá ń tú pí-ó-pì, mi ò tú u ní Ìlọrà mọ́ láé. Gbogbo èèyàn kọ́ ló gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Obìnrin kan ní Fìdítì ò jẹ́ kí n jókòó nítòsí àpò rẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ ọmọ mi kì í ṣe ẹsẹ̀ tí èèyàn fi ń lọ sọ́jà. Mo gbé ọmọ mi sẹ́yìn lọ́rì, mo dijú.

Ó pẹ́ kí pí-ó-pì tó tán. Bàtà onírin ló tẹ̀ lé e, tó ń wọ̀ sùn títí di ìsinsìnyí. A ṣì máa ń lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ kì í ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ́. Nígbà tí a lọ kẹ́yìn, lọ́rì Ìlọrà la wọ̀, dírẹ́bà kan náà ni. Ọmọ jókòó lórí itan mi, ó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbá iwájú ọkọ̀, gbá, gbá, gbá, láti Fìdítì dé Ìbàdàn. Dírẹ́bà fajú ro.

"Ìyá ọmọ, ẹ di ẹsẹ̀ yẹn mú."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti dì í mú tó. Ẹ jẹ́ kó máa gbá a."