Bí Mo Ṣe Ń Wọn Ìńtánẹ́ẹ̀tì Àǹtí Mi

Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ọ̀rọ̀ ẹnu gan-an kì í sì í yá mi lára, ká má tíì sọ ti kíkọ.

Mo rántí ìgbà tí mo ń gbé lọ́dọ̀ Àǹtí mi ní Ijoko, tí mo ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Sángo. Ilé ni Àǹtí ti ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó ń dá àwọn oníbàárà ilé iṣẹ́ kan lóhùn. Ilé iṣẹ́ náà wá ní kó máa wọn bí ìńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe ń yá sí láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí nọ́ńbà tó ń gbé jáde kò bá tó ogún, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

Torí pé àárọ̀ ló ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, èmi ló ní kí n máa wọ̀n ọ́n. Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Màá dúró nínú kíṣìnnì nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo ń dín, màá tẹ fóònù mi, màá kọ ohun tó bá gbé jáde: méje, mẹ́sàn-án, mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀, lásìkò yẹn gan-an, fóònù yìí kan náà ló ń gba fídíò aṣọ gígé sílẹ̀, tí màá lọ wò ní ṣọ́ọ̀bù. Mo rò pé ìńtánẹ́ẹ̀tì dà bí iná inú yàrá ni, pé iye èèyàn tó wà níbẹ̀ kò lè dín in kù.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Àǹtí ránṣẹ́ sí àwọn tó ta ìńtánẹ́ẹ̀tì fún un. Ọkùnrin tó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ bàtà ni Àǹtí dojú ọ̀rọ̀ kọ ọ́.

"Ẹ̀yin wọ̀nyí! Ìgbín lẹ tà fún mi!"

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnì kan di ẹrù lé ìgbín náà lórí."

Ó fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ àpótí ìńtánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo fóònù tó ń lo ìńtánẹ́ẹ̀tì náà hàn lójú kọ̀ǹpútà, ó sì rí èyí tó ń fa ẹrù. Ó wo fóònù ọwọ́ mi. Ilẹ̀ ni èmi ń wò.

"A kì í wọn gàrí kí ọwọ́ ẹlòmíì ṣì wà nínú kóńgò," ló wí. "Kí gbogbo wa pa fóònù, tèmi náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ó wọ̀n ọ́n."

Kò sí èyí tí kò kọjá ọgbọ̀n. Àǹtí pariwo, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló wá ń di ẹrù lé ìgbín mi?"

"Kíṣìnnì tí ẹ ní wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n jìnnà sí àpótí, Àǹtí," ni ọkùnrin náà fèsì.

Àǹtí bẹ ilé iṣẹ́ náà kí wọ́n jẹ́ kí òun tún ọ̀sẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbà.

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi báyìí ní Àtàn. Títí dòní mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, tó bò mí láṣìírí níwájú ẹni tí mo ń jẹun rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé èyí tí ọkùnrin yẹn wá, kí Àǹtí tó ti ilé ìwé dé, mo pa fóònù mi, mo fi kọ̀ǹpútà àti wáyà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, fóònù mi ló ń di ẹrù lé ìgbín yín." Mo fi ìwé náà sórí tábìlì rẹ̀, mo sì gba Sángo lọ.