Ẹ̀gbọ́n Mi Káwọ́ Pọ̀nyìn

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í lè jókòó sójú kan. Bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, yóò máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni kò sùn, yóò sì ti gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀. Ìyá wa máa ń ní iná ló ń jó o lábẹ́ ẹsẹ̀.

Ìwàǹwára yìí náà ló gbé wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ìlera, níbi tó ti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù rìn padà. Lọ́jọ́ kan, ìyá arúgbó kan ń tiraka láti dìde lórí ibùsùn. Ẹ̀gbọ́n mi kò ní sùúrù, ó gbé e dìde kíá, ó sì ń retí kí wọ́n yin òun.

"O ja ìyá yìí lólè," ni olùkọ́ rẹ̀ wí. "Wọn ì bá dìde fúnra wọn."

Títí sáà ẹ̀kọ́ náà fi parí, olùkọ́ kò jẹ́ kó fọwọ́ kan aláìsàn kankan, àfi ẹni tó bá fẹ́ ṣubú. Kó káwọ́ pọ̀nyìn bí olè tí wọ́n mú, kó sì máa fẹnu kọ́ wọn. Ẹkún ló ń sun wálé nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n òun náà ni àwọn aláìsàn ń béèrè fún lónìí nílé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́.

Ó wá kan Bàbá wa. Apá òsì kò gbọ́ràn mọ́, ẹsẹ̀ òsì náà kọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó kó wá sílé. Bàbá gbà kó na apá àwọn, wọ́n gbà kó fún àwọn lóògùn. Kí wọ́n gbé àwọn lọ sílé ìyàgbẹ́ ni wọn ò gbà. "Ikú yá ju ẹ̀sín." Èmi ọkùnrin pàápàá, wọ́n lé mi. Kí ọ̀rọ̀ ilé ìyàgbẹ́ má bàa wáyé rárá, wọn ò mu omi mọ́. Ètè wọn bó, ojú wọn jìn sínú. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n mi ká ẹní kúrò nílẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn yàrá, ó dúró ti Bàbá, ó sì káwọ́ pọ̀nyìn.

"Bàbá, ẹ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ tẹ̀ síwájú, kí imú yín dé ọ̀gangan ìka ẹsẹ̀. Ó yá, ẹ dìde."

Bàbá gbìyànjú, wọ́n jókòó padà. Wọ́n tún un ṣe. Òógùn bò wọ́n. Mo fò síwájú.

"Má fọwọ́ kàn wọ́n!"

"Ẹ̀gbọ́n, ìkà wo lẹ ń ṣe yìí? Bàbá wa rèé o, kì í ṣe aláìsàn ọsibítù!"

"Mo ní kó o dúró síbẹ̀."

Inú bí mi. Mo fi ìbínú bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti rí ọwọ́ méjèèjì. Ó fi ọ̀kan di èkejì mú bí ẹni di ewúrẹ́ tó fẹ́ já mú.

Bàbá dìde. Wọ́n fọwọ́ ọ̀tún ti ògiri, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì, ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ̀ lé wọn pẹ́kípẹ́kí. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ mọ́ wa síta. Ẹ̀gbọ́n mi ń lọ, ó ń bọ̀, títí wọ́n fi jáde.

Nígbà tí wọ́n padà dórí ibùsùn, wọ́n wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ta ló so ọ́ lọ́wọ́?"

"Olùkọ́ mi ni, Bàbá."

"Bá mi kí i." Wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ tí ọwọ́ ẹ ò dí, lọ bomi wá. Ife ńlá ni o."

Nígbà tí mo gbé e dé, ẹ̀gbọ́n mi ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, ó ń sunkún, kò sì dìde.