Ta Ló Wà Nínú Mọ́tò Mi?

Mo rántí ìgbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí mo ń tún aago ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kótópó kan nítòsí ọjà Ìpàta ní Ìlọrin. Ọ̀dọ́kùnrin ni mí nígbà náà, ọmọ àáfà, mo sì máa ń fọ́nnu fún àwọn ará ọjà pé ẹni tó bá há Kùránì sórí bíi tèmi, kò sí ohun abàmì tó lè bà á lẹ́rù. Ẹnu lásán ni, mi ò sì mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, bàbá arúgbó kan wọlé tọ̀ mí wá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ará Ọ̀mù-Àrán, GRA ló ń gbé. Ó ní aago inú mọ́tò kan ti dákẹ́, kí n bá òun kálọ. Ojú ọ̀nà ló ti sọ fún mi pé ọmọ òun ló ni mọ́tò náà, ọmọ kan ṣoṣo tí òun bí. Ọmọ yìí wọṣẹ́ sójà, ó lọ sójú ogun, wọ́n sì ránṣẹ́ pé ó ti kú. Wọn ò rí òkú rẹ̀ gbà, aṣọ rẹ̀ ni wọ́n sin nílé. Ní báyìí, ẹnì kan ń bọ̀ wá ra mọ́tò náà.

"Ẹ má da ara yín láàmú, Bàbá," mo ní. "Mọ́tò á rìn láìsí aago."

"Ọmọ mi kì í ṣe nǹkan lábọ̀," ó dáhùn. "Mi ò ní tà á lábọ̀."

Mo tẹ̀lé e lọ.

Nígbà tí a débẹ̀, ìyá ilé fún mi lómi mu. Aṣọ dúdú ló wà lọ́rùn rẹ̀. Fọ́tò ọmọ náà wà lára ògiri fàràńdà, nínú aṣọ sójà, àpá kan lókè ojú òsì rẹ̀. Aago náà kì í ṣe oníbátìrì, wáìndì ni wọ́n ń wáìndì rẹ̀, ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ni wọ́n sì ti dè é, débi pé ọwọ́ ò lè kàn án àfi kéèyàn nà gbalaja sílẹ̀ inú mọ́tò, kí ẹsẹ̀ wà níta. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tú u. Sípíríǹ rẹ̀ kò já. Eruku ọyẹ́ àti epo tó ti dì bí ọ̀dà ló mú un mọ́lẹ̀. Mo fi bẹntiróòlù fọ eyín rẹ̀, mo kán epo aago bíńtín sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bàbá gbé e sétí, ó gbọ́ ọ pẹ́, ó wá gbé e padà fún mi.

Mo tún nà gbalaja láti dè é padà. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ géètì. Mo rò pé ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò ló dé. Ẹsẹ̀ nìkan ni mo lè rí: bàtà sójà tó ti gbó, ọ̀kan ń wọ́ tẹ̀lé èkejì. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ta ló wà nínú mọ́tò mi?"

Orí mi kọlu irin. Mo yọjú. Ẹni inú fọ́tò ara ògiri ló dúró tì mí yìí, ó rù kan eegun, àpá yẹn gan-an lókè ojú òsì. Àkúdàáyà! Kàkà kí n sá jáde, mo kó ara mi wọnú mọ́tò, mo ti ilẹ̀kùn. Mo wá gbogbo Kùránì tí mo há sórí, mi ò rí i. Àdúà oúnjẹ nìkan ló wá sí mi lẹ́nu, òun náà ni mo sì ń kà léraléra.

Bàbá jáde sí fàràńdà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mo ti sin ọ́!" ó pariwo. "Mo ti sin ọ́! Kí lo tún wá gbà lọ́wọ́ mi?"

"Bàbá, èmi nìyí." Ẹkún ti gba ohùn ọmọ náà. "Wọ́n fọ́ mi lẹ́sẹ̀, ọsibítù ni mo wà láti ìgbà yẹn. Mo ránṣẹ́ sí yín, mo rò pé ẹ ti gbọ́."

Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ẹnì kejì. Ìyá ló jáde láti ilé ìdáná, orógùn lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ké. Ó lọ bá a tààrà, ó fọwọ́ kan àpá náà, ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó gbé imú lé e lórí bí ẹni ń gbóòórùn ọmọ ọwọ́. Ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá rẹ̀, ara rẹ̀ gbóná. Òkú kì í gbóná."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ló ṣubú lulẹ̀. Ìgbà tí àwa mẹ́ta ń gbé e wọlé ni mo tó mọ̀ pé mo ti jáde nínú mọ́tò.

Wọn ò ta mọ́tò náà mọ́, èmi àti ọmọ náà sì di ọ̀rẹ́. Òun ló sọ fún mi pé láti ọjọ́ náà, ní gbogbo ìdájí, bàbá á wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá òun, á pe orúkọ òun, òun á sì dáhùn pé, "Bàbá, mo wà níbí." Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Lójú mi nígbà náà, ìyanu ni pé bàbá lè bẹ̀rù ọmọ tó ti ń sunkún fún. Mo ti bímọ báyìí, mo ti sin nínú wọn; kò yà mí lẹ́nu mọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí bàbá kú, ọ̀rẹ́ mi ti jí, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń retí ìpè. Ilẹ̀ mọ́, oòrùn yọ, kò sẹ́ni tó pè é. Òun ló wá dìde, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà bàbá rẹ̀, ó ní, "Bàbá, mo wà níbí o."