Irun Pupa Tí A Ò Dì Tán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi wé ti àwọn tó mọ̀wé. Mi ò pẹ́ níléèwé, ojú sì máa ń tì mí. Irun ni ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n dì, kò mọ bírò í mú. Bí mo bá ṣi ibì kan kọ, ẹ bá mi fò ó kọjá.

Mo rántí ìgbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ pé òun ò lọ síléèwé mọ́. Ní Onitsha níbí ni, nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń dirun níwájú ilé wa, lọ́nà Obosi. Èsì ìdánwò rẹ̀ ò dára rárá. Wọ́n ní kó tún kíláàsì kẹrin ṣe, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti kọjá sí ìkarùn-ún. Ó sunkún títí ìsinmi fi parí. Nígbà tí ìwọlé ku ọ̀la, dípò kó jókòó kí n di irun tí iléèwé fẹ́ fún un, àtáṣímẹ́ǹtì pupa ló gbé wá. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọ tó bá ṣe irú irun bẹ́ẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kó wọ géètì. Ohun tó ń sọ fún wa nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ti Relief Market bọ̀ pẹ̀lú àpò ẹ̀wà lórí, dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Orí tí ò gba ìṣirò, irun pupa ló fẹ́ gbà?"

"Mọ́mì, mba! Mi ò lọ!" Bí inú bá ń bí i, Igbo ló fi ń kọ̀. "Àwọn ọmọ kéékèèké á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi pòṣé, ó wọlé lọ. Èmi ò lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lójúkojú, ẹ̀yìn orí ni mo mọ̀ ọ́n bá sọ̀rọ̀. Ọmọ náà jókòó sáàárín orúnkún mi, mo ń fi irun pupa kún tirẹ̀ bó ṣe fẹ́, ni mo bá sọ fún ẹ̀yìn orí rẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì lèmi náà ṣe kíláàsì kẹta.

"Irọ́! Ẹ̀yin, Àǹtí?"

"Èmi ni."

"Wọn ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Wọ́n ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, èmi nìkan ni mo mọ orin tí tíṣà fẹ́ kọ́ wa, àti ibi tó ń fi pàṣán pamọ́ sí. Wọ́n wá ń fi bisikíìtì bẹ̀ mí."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé orí rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. "Na you come be dem ọ̀gá!"

Mo ti ń yin ara mi nínú pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Mo ń retí kó ní òun á lọ.

"Ẹ jẹ́ kó pọ́n dáadáa o, Àǹtí," ló sọ, ó sì sùn lọ lórí itan mi nígbà tí mo dé ìdajì, mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ orí ni mo ti dì láti ìgbà náà, àmọ́ ìdajì orí yẹn ni mo máa ń rántí jù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mi ò pariwo. Mo gbé àpótí ìjókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo kó ìyókù irun pupa sí apá kan, mo fi òòyà àti aṣọ iléèwé tí mo ti lọ̀ sí apá kejì, mo wá kọ ẹ̀yìn sí gbogbo rẹ̀, mo ń ro ògì lórí iná. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí àpótí tó dún. Nígbà tí mo yíjú, aṣọ iléèwé ti wà lọ́rùn rẹ̀, ó jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Mo mú òòyà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun pupa náà.